Ẹni Tó Se Òkúta Jinná

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá ní sùúrù á se òkúta jinná, á sì mu omi rẹ̀. Nígbà èwe mi, àsọdùn ni mo ka ọ̀rọ̀ yìí sí. Ta ló ń gbé òkúta kaná? Ìgbà tí mo ka ohun tí àwọn awalẹ̀pìtàn hú jáde ní Igbó Olókun ní Ilé-Ifẹ̀ ni mo tó mọ̀ pé àwọn kan ti gbé e kaná rí, ó sì jinná fún wọn. Iyanrìn ara òkúta ni wọ́n dà sínú ìkòkò amọ̀, wọ́n koná mọ́ ọn títí ooru fi ju ìwọ̀n 1,000 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì lọ, ó yọ́, ó di gíláàsì, wọ́n sì fi gíláàsì náà ṣe ìlẹ̀kẹ̀ tó dúdú bí aró. Iṣẹ́ náà ti ń lọ ní pẹrẹu láti nǹkan bí ọ̀rúndún kọkànlá, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì fojú kan ọkọ̀ Potogí létíkun wa.

Leo Frobenius ará Jámánì dé Ifẹ̀ ní 1910, ó rí àfọ́kù ìkòkò tí gíláàsì dì mọ́ nínú. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ọ̀mọ̀wé fi ń sọ pé gíláàsì òkèèrè ni àwọn baba wa kàn ń tún yọ́. Ní 2006 ni Lankton, Ige àti Rehren tẹ àyẹ̀wò tiwọn jáde pé èròjà inú gíláàsì Ifẹ̀ kò bá ti Lárúbáwá mu, bẹ́ẹ̀ ni kò bá ti Yúróòpù mu. Ilẹ̀ ibẹ̀ ló ti jáde. Lẹ́yìn wọn, Abidemi Babatunde Babalola tún Igbó Olókun wà, ó sì rí ìlẹ̀kẹ̀ tó lé ní 12,000 pẹ̀lú àfọ́kù ìkòkò ìyọ́gíláàsì tó lé ní 800. Irú gíláàsì yìí ti rìn jìnnà: wọ́n bá a ní Gao, létí aṣálẹ̀ Mali.

Ọmọ àbúrò mi kan tó ń kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán ní Atakpamé ní Tógò ló fa gbogbo ìtàn yìí. Ó ní, "Bàbá, mo fẹ́ máa ṣe ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ aṣọ tí mò ń rán. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ó lè bọ́ ènìyàn?" Mo wo ọrùn rẹ̀. Ike ni ìlẹ̀kẹ̀ tó wà níbẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fúyẹ́ ju okùn tí wọ́n fi sín in lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ará Atakpamé ju bí wọ́n ti rò lọ. Nǹkan bí 160 kìlómítà ni ìlú òkè yìí sí Lomé, ó sì jìnnà sí Ilé-Ifẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n Ifẹ̀ ni àwọn ọmọ ibẹ̀ ń pe ara wọn, Ifẹ̀ ni wọ́n ń pe èdè wọn, Ilé-Ifẹ̀ ni wọ́n sì ní àwọn baba ńlá wọn ti gbéra, bí ìwé tilẹ̀ ń pè wọ́n ní Ana. Ẹni tó ń jẹ́ orúkọ ìlú tó se òkúta jinná, tó wá ń fi ike sọ́rùn! Òwe wa ní ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Títí di òní, a kì í gbàgbé ìdí ọmọ wa. Ẹni tó ṣe ìlẹ̀kẹ̀ tí a fi síbẹ̀ ni a kò bèèrè mọ́.

N kò ní kí ẹnikẹ́ni padà sídìí òkúta. Iṣẹ́ yẹn gba igi tó lè tán igbó. Àfọ́kù ìgò ti jẹ́ òkúta tí ẹlòmíràn ti bá ọ sè. Ooru tí yóò tún un rọ̀ kò tó ti àkọ́kọ́. Ẹni tó yẹ ká lọ kọ́ ọ lọ́dọ̀ rẹ̀ kò sì jìnnà. Àwọn ará Krobo ní Ghana, ní agbègbè Odumase àti Somanya, ń fi ìgò gúngún ṣe ìlẹ̀kẹ̀ dòní, òun ni wọ́n sì ń fi ṣe àwọn ọmọbìnrin wọn lọ́ṣọ̀ọ́ níbi Dipo, ètò ìsọdàgbà wọn. Ní Bida ní Nàìjíríà, ìran àwọn oníṣẹ́ gíláàsì tí wọ́n ń pè ní Masaga ń yí gíláàsì yíyọ́ mọ́ orí irin, ó ń di ìlẹ̀kẹ̀ àti ẹ̀gbà ọwọ́. Ti Bida gba ẹwìrì àti ọwọ́ púpọ̀. Ti Krobo ni mo fẹ́ fún ẹni tó máa fi ẹ̀yìnkùlé bẹ̀rẹ̀. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Bí o bá rí owó ọkọ̀, lọ sí Koforidua ní Ghana ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ ọjà ìlẹ̀kẹ̀ wọn, kí o kàn jókòó, kí o máa wo ọwọ́ àti ọjà.

Má lọ fọ́ ìgò tó ṣì dá ṣáṣá o. Ní Tógò, ìgò bíà ní owó lórí, ẹni tó ta bíà fẹ́ kí o dá a padà. Èyí tí kò padà, elépo pupa ń wá a, ẹlẹ́mu sódábì ń wá a, ẹni tó ń ta epo ọkọ̀ lẹ́bàá ọ̀nà náà ń wá a. Àfọ́kù tó ń gé ọmọdé lẹ́sẹ̀ ni kí o ṣà. Kò sẹ́ni tó máa bá ọ du ìyẹn. Ya àwọ̀ wọn sọ́tọ̀, fọ̀ wọ́n, bó bébà ara wọn kúrò, kí o wá gún wọn nínú odó irin. Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké: odó á jẹ, apá á ro ọ́. Gún un títí yóò fi jọ ìyẹ̀fun, kí o sì fi asẹ́ tí ojú rẹ̀ kéré jọ̀ ọ́. Wọ́n omi díẹ̀ sí i kí eruku má fò, fi aṣọ bo imú, má sì jẹ́ kí ọmọdé wà nítòsí, nítorí eruku gíláàsì kì í ṣe ohun tí ẹ̀dọ̀fóró ń fẹ́.

Àwo amọ̀ tó nípọn ni wọ́n ń dà á sí, wọ́n á ti dá ihò kéékèèké sójú rẹ̀ bí ojú ọpọ́n ayò. Po efun mọ́ omi, kí o fi kun inú ihò náà, jẹ́ kó gbẹ, kí gíláàsì má baà lẹ̀ mọ́ amọ̀. Ibi tó wù mí jù nínú iṣẹ́ náà rèé: báwo ni ihò okùn ṣe ń dé àárín ìlẹ̀kẹ̀? Igi tẹ́ẹ́rẹ́ tó gbé ewé ẹ̀gẹ́ dúró ni wọ́n ń gé, wọ́n á gún un sí àárín ihò àwo kọ̀ọ̀kan, wọ́n á wá da ìyẹ̀fun gíláàsì yí i ká. Tí iná bá dé, igi náà á jóná di eérú, gíláàsì á sì dì mọ́ra yí àyè rẹ̀ ká. Ẹ̀gẹ́ tí gbogbo oko Atakpamé kún fún! Ohun tí ewúrẹ́ ń jẹ ní ẹ̀yìnkùlé rẹ ni ẹ̀rọ tó ń dá ihò sí ìlẹ̀kẹ̀.

Amọ̀ ògán ni ìléru. Igi gbígbẹ ni iná rẹ̀. Ìwọ̀n 800 sí 850 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì ni ìyẹ̀fun ìgò fẹ́, ṣùgbọ́n ojú ni àwọn oníṣẹ́ fi ń mọ̀ ọ́n: inú ìléru á kúrò ní pupa dúdú, á di pupa tó mọ́lẹ̀ yòò, ìyẹ̀fun á kọ́kọ́ jọ ṣúgà tó gba omi, lẹ́yìn náà ojú rẹ̀ á dán. Kò tó wákàtí kan nígbà mìíràn. Tí o bá yọ ọ́ kó tó dán, ìlẹ̀kẹ̀ á máa fọ́ wẹ́wẹ́ lọ́wọ́. Tí o bá gbàgbé rẹ̀, gbogbo rẹ̀ á ṣàn papọ̀, ihò á dí.

Ìgbà tí iná bá ti ṣiṣẹ́ tirẹ̀ tán ni ìṣòro ń bẹ̀rẹ̀. A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná, àmọ́ èmi fi ìkánjú lá tèmi. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo dán iṣẹ́ yìí wò, bí mo ṣe rí i pé ojú wọn ń dán, mo tú ìlẹ̀kẹ̀ gbígbóná sórí sìmẹ́ńtì tútù kí n lè tètè fi han aládùúgbò. Mo gbọ́ tà, tà, tà, bí àgbàdo inú yanrìn gbígbóná. Ẹyọ méjì ló kù tó dá. Ìdí rẹ̀ ni pé ẹ̀yìn gíláàsì ń tutù, ó ń sún kì, nígbà tí inú rẹ̀ ṣì gbóná. Wọ́n á máa fa ara wọn títí ọ̀kan á fi já. Nínípọn tí àwo amọ̀ nípọn wúlò níbí yìí: ó ń di ooru mú, ó sì ń fi í sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Fi ìlẹ̀kẹ̀ sílẹ̀ nínú rẹ̀, bò ó pẹ̀lú eérú, títí tí o máa fi lè fi ọwọ́ lásán gbé e. Tó bá tóbi bí àtàǹpàkò, jẹ́ kó sùn nínú ìléru.

Irú ìfàjá yìí kan náà ló wà nínú pípo gíláàsì tí kì í ṣe ẹbí ara wọn. Àwo gíláàsì tí wọ́n ń gbé kaná nílé ìdáná kì í fẹ̀, kì í sì í sún kì bíi ti ìgò. Tí o bá pò wọ́n, ìlẹ̀kẹ̀ lè dá ṣáṣá lónìí kó sì là sí méjì lọ́rùn ẹni tó rà á lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Àwọn kan tilẹ̀ wà tí n kò fẹ́ kí o fọwọ́ kàn rárá: gíláàsì tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ onídìí gbọọrọ ní òjé nínú, iná ọ̀pá funfun sì ní mákúrì nínú. Ọmọ tó ń mu ọyàn máa ń fi ìlẹ̀kẹ̀ ìyá rẹ̀ sẹ́nu. Bi ẹni tó ń ta àwọ̀ fún ọ léèrè bóyá òjé wà nínú rẹ̀; tí kò bá mọ̀, má rà á.

Ní ti àwọ̀, n kò rò pé o ní láti rà púpọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Wo ìgò tó pọ̀ jù nílẹ̀: ọ̀kan dà bí ewéko, èkejì pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí ilẹ̀ òkè Atakpamé. Ẹni tó bá mọ ọwọ́ babaláwo á ti rẹ́rìn-ín. Òtútù àti ọ̀pọ̀n nìyẹn, ìdè Ifá, tí a ń sín ní ẹyọ tútù àti ẹyọ pupa. Àwọn oníbàárà rẹ àkọ́kọ́ ti wà ládùúgbò, wọ́n sì mọ ìyàtọ̀ láàárín ike àti ohun tó la iná kọjá. Ìgò funfun lo lè fi ṣe ti Ọbàtálá. Tí ọwọ́ rẹ bá mọ́ ọn, o lè ya ilà sára ìlẹ̀kẹ̀ tó ti jinná: po ìyẹ̀fun gíláàsì aláwọ̀ mọ́ omi, fi igi tín-ín-rín kọ ọ́, kí o sì dá a padà sínú iná lẹ́ẹ̀kejì.

Má bá oníke du iye owó. Kò sí iye tí o fẹ́ tà á tí òun kò ní ta tirẹ̀ ní owó tó kéré sí i. Ka igi tí o sun, ka àwo tó là, ka ẹyọ tó bàjẹ́ mọ́ èyí tó dára, ka ọjọ́ tí o fi fi yanrìn àti omi họ ara wọn lórí ọlọ títí wọ́n fi dán. Ẹni tó bá ní ó wọ́n, fún un ní ẹyọ kan lọ́wọ́ kan, fún un ní ti ike lọ́wọ́ kejì, kí o dákẹ́. Ìwúwo á bá ọ sọ ìyókù. Ní ti tìẹ, ọmọ mi, tó o ti ní ẹ̀rọ ìránṣọ, má tíì ta á lọ́tọ̀ rárá: rán ẹyọ mẹ́ta mọ́ ọrùn bùbá, kí o jẹ́ kí aṣọ gbé e lọ sóde.

Bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwo oníhò méjìlá, àwọ̀ kan ṣoṣo. Sun ún ní ìrọ̀lẹ́, kí ojú rẹ lè mọ àwọ̀ iná dáadáa nínú òkùnkùn. Lẹ́yìn náà, da eérú bò ó, wọlé, ti ilẹ̀kùn. Ojú á máa kán ọ, jẹun, sùn. Tí àkùkọ bá kọ, lọ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan àwo náà. Tó bá ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́, gbálẹ̀ ná.