Ẹ Má Fi Fóònù Ṣe Olùkọ́ Òǹkà fún Ọmọdé

Ẹ̀yin òbí tó wà ní Kuje ní Abuja, àti ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú ọmọ ní jẹ́lé-ó-sinmi, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Ọmọ ọdún mẹ́ta tó ń bá fóònù kọrin "wọ́n, tú, tírì" títí dé ogún, tí gbogbo ilé ń pàtẹ́wọ́ fún, ẹ ní kí ó lọ mú ṣíbí mẹ́rin wá. Bí ó bá kó gbogbo ṣíbí ilé wá, orin ló mọ̀, kò tíì mọ òǹkà.

Àwọn onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá, Rochel Gelman àti C. R. Gallistel, ti là á yé wa nínú ìwé wọn ní 1978: ẹni tó ń kà gbọ́dọ̀ pe nọ́ńbà kan fún nǹkan kan, kí ó sì mọ̀ pé èyí tó pè kẹ́yìn ni iye gbogbo wọn. Fídíò tó ń sáré kì í kọ́ni ní ìyẹn. Bí ọmọ bá fo eéjì, fídíò ò mọ̀. Ó ti dé orí mẹ́fà.

N ò ní kí ẹ ju fóònù nù o. Ètò bíi Sesame Square tó wà lórí NTA nígbà kan, àwọn tó mọ̀ nípa ọmọdé ló ṣe é. Ṣùgbọ́n fídíò tó ń já wọlé fúnra rẹ̀ lẹ́yìn èyí tí ẹ yàn, ta ló yàn án? Ẹ pa ohun tó ń jẹ́ kí àwọn fídíò máa tẹ̀lé ara wọn. Ẹ jókòó ti ọmọ, ẹ dá fídíò dúró ní márùn-ún, kí òun náà fọwọ́ kan ife márùn-ún níkọ̀ọ̀kan, kí ẹ wá bi í pé, "Mélòó ni?" Èdè tí ẹ fi ń se ọbẹ̀ ni kí ẹ fi kà á.

Ní 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì má jókòó wo ẹ̀rọ rárá. Láti ọdún méjì sí mẹ́rin, kó má ju wákàtí kan lọ lóòjọ́, bó bá tún dín, ó sàn. Mo mọ̀ pé ẹni tó ti Kuje jáde lọ síbi iṣẹ́ ní àárín ìlú kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti rẹ̀ ẹ́ kó tó padà délé. Ṣùgbọ́n kíka àlùbọ́sà kí a tó gé e kò gba àkókò kankan.

Bí ilé ìwé bá kọ "díjítà" sára pátákó, ẹ bi wọ́n pé: ìṣẹ́jú mélòó ni ọmọ ń lò nídìí ẹ̀rọ, ta ló sì ń jókòó tì wọ́n?

Ní ti ohun tí ọmọ máa kà, ẹ fi ẹ̀pà àti ọmọ ayò dúró ná títí ọmọ yóò fi dàgbà sí i. Ọ̀fun àti imú ni ọmọ kékeré ń kó wọn sí. Ṣíbí, ife àti ọsàn tó.