Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ara Ògiri Ilé-iṣẹ́

Dọ̀pẹ̀mú wà ní ibi tí títì ńlá tí ó ti Èkó lọ sí Abẹ́òkúta ti pàdé ọ̀nà tí ó wọ Agége. Ẹni tí ó bá dúró lábẹ́ afárá ibẹ̀ ní ìdájí yóò rí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ tí ń dúró de ọkọ̀ tí yóò gbé wọn lọ sí àwọn ilé-iṣẹ́ Ìkẹjà àti ti Agége. Láti nǹkan bí ọdún 1950 síwájú ni irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí pọ̀ ní agbègbè náà, nígbà tí Ìkẹjà ṣì wà lábẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn. Ọdún 1962 ni ilé ọtí Guinness bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀. Àwọn ọmọ àgbẹ̀ láti Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀bú, Ọ̀yọ́ àti ibòmíràn wá ń rọ́ wá síbẹ̀ láti wá iṣẹ́. Èdè Yorùbá ni wọ́n ń sọ nílé àti lójú ọ̀nà, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti wọ ẹnu ọ̀nà ilé-iṣẹ́, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n bá lára ògiri, lára àgbá epo àti lára ẹ̀rọ.

Àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí kò pọ̀. Ẹni tí ó bá fi ọkàn sí i lè kọ́ gbogbo wọn láàárín oṣù kan. Ohun tí ó ṣòro níbẹ̀ ni pé púpọ̀ nínú wọn jọ ọ̀rọ̀ tí òṣìṣẹ́ rò pé òun ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹni tí kò mọ ọ̀rọ̀ kan rárá yóò béèrè ìtumọ̀ rẹ̀. Ẹni tí ó rò pé òun mọ̀ ọ́n kì yóò béèrè, òun gan-an ni ewu sì sún mọ́ jù lọ.

Kí a mú ọ̀rọ̀ náà "inflammable" ṣe àpẹẹrẹ. Ọmọ ilé-ìwé ti kọ́ pé "in" ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì a máa ṣe iṣẹ́ tí "àì" ń ṣe nínú Yorùbá: "incorrect" ni ohun tí kò tọ̀nà, "incomplete" sì ni ohun tí kò pé. Ó tún mọ̀ pé "flame" ni ọwọ́ iná. Nígbà tí ó bá wá rí "inflammable" lára àgbá, ó fi ọgbọ́n so méjèèjì pọ̀, ó ní ohun tí iná kò lè ràn ni. Ọgbọ́n náà kò burú, ṣùgbọ́n ó lè jó ilé. "In" ti inú ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti àìsí. Láti inú èdè Látìn ni ó ti wá, ohun tí ó sì ń sọ ni pé iná lè wọ inú nǹkan náà. Ohun tí iná tètè ń ràn ni "inflammable":

"Petrol is inflammable, keep it away from fire." Èyí ni pé, epo bẹntiróò a máa tètè gbiná, ẹ má ṣe jẹ́ kí iná sún mọ́ ọn.

Kò yẹ kí ojú ti ọmọ Yorùbá tí ó bá ṣi ọ̀rọ̀ yìí túmọ̀, nítorí ó ti dààmú àwọn tí wọ́n ni èdè náà pẹ̀lú. Láàárín ọdún 1920 sí 1930, àwọn tí ń gbógun ti ìjàm̀bá iná ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí gba àwọn ènìyàn níyànjú pé kí wọ́n máa kọ "flammable", kí wọ́n sì fi "in" náà sílẹ̀. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ méjèèjì ti jọ ń rìn, ìtumọ̀ kan náà ni wọ́n sì ní. Bí wọ́n bá fẹ́ sọ pé nǹkan kì í gbiná, "non-flammable" ni wọ́n ń kọ. Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ọkọ̀ agbépo tí ń ná ọ̀nà ní Nàìjíríà ṣì ń gbé "Highly Inflammable" kiri lẹ́yìn wọn.

Ọ̀rọ̀ kejì kéré sí èyí, ó sì rọrùn tó bẹ́ẹ̀ tí kò sí ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí kò mọ̀ ọ́n. "Empty" ni òfìfo, ohun tí kò ní nǹkan nínú. "The cup is empty": kò sí nǹkan kan nínú ife náà. Nínú ilé ìdáná, ìtumọ̀ náà tó. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá kọ "Empty Drums" sí ibi tí a kó àgbá epo bẹntiróò sí, àwọn àgbá náà kò ṣófo bí ife ti ń ṣófo. Epo tí a lè dà jáde ni ó tán. Afẹ́fẹ́ epo tí ojú kò rí kù sínú wọn, ó sì ti dàpọ̀ mọ́ afẹ́fẹ́ tí ènìyàn ń mí. Àdàpọ̀ yìí ni ẹ̀tàná kan lè mú kí ó bú gbàmù. Àgbá tí ó kún fún epo kò ní àyè tí irú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀ lè kójọ sí púpọ̀, nítorí náà èyí tí a pè ní òfìfo lè burú ju èyí tí ó kún lọ.

Ọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Benjamin Lee Whorf. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa wádìí ohun tí ń fa iná fún ilé-iṣẹ́ adójútòfò kan ní ìlú Hartford, ó sì tún jẹ́ onímọ̀ èdè. Nínú àpilẹ̀kọ kan tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 1941, ọdún tí ó kú, ó sọ pé àwọn òṣìṣẹ́ a máa ṣọ́ra gidigidi nídìí àgbá tí epo kún, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti dé ìdí èyí tí a pè ní "empty", wọn a máa mu sìgá wọn láìbìkítà. Ọ̀rọ̀ náà ni ó fi wọ́n lọ́kàn balẹ̀. Ó yẹ kí àwọn wẹ́dà tí ń gé àgbá ní ẹ̀bá ọ̀nà fi etí sí èyí. Kò yẹ kí iná kan àgbá bẹ́ẹ̀ àfi bí ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà bá ti wẹ̀ ẹ́ títí tí epo àti afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò fi sí nínú rẹ̀ mọ́.

Ti "guard" yàtọ̀ díẹ̀. Ọdún 1901 ni ọkọ̀ ojú irin ti bẹ̀rẹ̀ sí gba Agége kọjá láti Èkó lọ sí Ìbàdàn, nítorí náà ó ti pẹ́ tí àwọn ará ibẹ̀ ti mọ gáàdì, ọkùnrin tí ń fi àsíá hàn lẹ́yìn ọkọ̀. Gáàdì náà ni wọ́n ń pe ẹni tí ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá kọ ọ́ sára ẹ̀rọ pé "Do not remove the guard", kì í ṣe ènìyàn ni a ń sọ. Irin tàbí àwọ̀n tí a fi bo ibi tí ẹ̀rọ ti ń yí, kí ó má baà gé ọwọ́ tàbí fa aṣọ wọlé, ni "guard" níbẹ̀. Òfin ilé-iṣẹ́ ti ọdún 1987 sọ pé a kò gbọdọ̀ fi ẹnikẹ́ni sídìí ẹ̀rọ tí ó lè ṣe é léṣe àfi bí a bá ti kọ́ ọ ní kíkún nípa ewu ibẹ̀ àti ìṣọ́ra tí ó yẹ. Ẹ̀kọ́ tí a fi èdè tí kò yé òṣìṣẹ́ kọ́ ọ kò lè jẹ́ kíkún.

"Plant" kò léwu, ẹ̀rín ni ó ń pani. Àgbẹ̀ mọ̀ ọ́n sí ohun ọ̀gbìn, ó sì tọ̀nà, nítorí oko kòkó àti oko obì ni ó pọ̀ ní Agége nígbà àtijọ́. Ọdún 1907 ni àwọn olóko ibẹ̀ dá ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀, tí J. K. Coker sì ṣe olórí rẹ̀. Lónìí, bí a bá gbọ́ ní agbègbè náà pé "The plant will be shut on Friday", ilé-iṣẹ́ ni wọn yóò tì.

Ìwé atúmọ̀ èdè tí ó kàn fi ọ̀rọ̀ kan ṣe ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kan kò lè gba ènìyàn lọ́wọ́ irú àṣìṣe wọ̀nyí. Samuel Àjàyí Crowther mọ èyí. Nígbà tí ó tún ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ó tẹ̀ ní ọdún 1843 ṣe ní ọdún 1852, ó fi òwe púpọ̀ kún un, kí òǹkàwé lè rí ọ̀rọ̀ ní ibi tí ó ti ń ṣiṣẹ́.

Ó ku ọ̀rọ̀ méjì tí kì í sí lára ẹ̀rọ, inú lẹ́tà ni wọ́n ti ń wá. Àkọ́kọ́ ni "notice". Ayálégbé Èkó mọ kúìtì nótíìsì dáadáa, ó sì ń bẹ̀rù rẹ̀. Níbi iṣẹ́, "notice" ni àkókò tí ó gbọdọ̀ wà láàárín ọjọ́ tí a sọ fún ènìyàn pé iṣẹ́ rẹ̀ yóò parí àti ọjọ́ tí yóò parí ní tòótọ́. "He was given two weeks' notice": wọ́n ti sọ fún un ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú. Òfin iṣẹ́ ti ọdún 1974 fún ẹni tí ó ti lo ọdún márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́nu iṣẹ́ ní oṣù kan.

Èkejì ni "redundant". Nínú ẹ̀kọ́ gírámà, ọ̀rọ̀ tí ó pọ̀ ju bí a ti fẹ́ lọ ni: "In 'return back', the word 'back' is redundant." Nílé-iṣẹ́, òṣìṣẹ́ tí iṣẹ́ kò sí fún mọ́ ni: "Many workers became redundant when the new machine came." Ọ̀pọ̀ ni ó ti gba irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ tí wọ́n sì rò pé a fi ẹ̀sùn kàn wọ́n ni; wọ́n ká aṣọ iṣẹ́ wọn, wọ́n sì fi ìtìjú bá ẹ̀yìnkùlé lọ. Ẹ̀sùn kò sí nínú ọ̀rọ̀ náà. Òfin kan náà sọ pé agbanisíṣẹ́ gbọdọ̀ fi ìdí rẹ̀ àti iye ènìyàn tí yóò kàn tó ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ létí. Pé ẹni tí ó kẹ́yìn dé ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ lọ, bí a bá ti wo ìmọ̀ iṣẹ́ àti ìṣeégbẹ́kẹ̀lé olúkúlùkù. Àti pé kí agbanisíṣẹ́ sa ipá rẹ̀ láti bá àwọn tí ń lọ jíròrò lórí owó tí yóò san fún wọn. Ẹni tí ó bá túmọ̀ "redundant" sí ọ̀daràn kì í dúró béèrè owó náà.