Kíláàsì Há, Ẹ Jẹ́ Kí Ọmọ Sọ̀rọ̀



Ẹ̀kọ́ oṣù yìí wà fún ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ọmọ ní ilé kéwú tàbí ilé ìwé. Ọ̀pọ̀ wa ní Ọ̀kà àti Ìkàrẹ́ ló mọ bí iṣẹ́ náà ti rí: yàrá há, àga kò tó, ọmọ mẹ́ta ń wo ìwé kan. Olùkọ́ á ka, àwọn ọmọ á gbè é, ariwo á ta, a ó sì rò pé wọ́n ti mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n bí a bá ní kí ẹnìkan ṣàlàyé, ilẹ̀ ni yóò máa wò.

ÀPẸẸRẸ ÀNÁBÌ (SAW)

Bukhari gbà á wá láti ọ̀dọ̀ Abdullahi ọmọ Umar pé Ànábì (SAW) bi àwọn sàhábé léèrè igi kan tí ewé rẹ̀ kì í wọ́, tí ó dà bí Mùsùlùmí. Ọkàn wọn ń lọ sí àwọn igi aṣálẹ̀. Abdullahi mọ̀ pé igi dàbínù ni, ṣùgbọ́n ọmọdé ni láàárín wọn, ojú sì tì í. Ó dákẹ́ títí Ànábì fi sọ ìdáhùn náà. Nígbà tí ó sọ ọ́ fún Umar bàbá rẹ̀ lẹ́yìn náà, bàbá ní ì bá dùn mọ́ òun ju ọ̀pọ̀ nǹkan lọ ká ní ó ti sọ̀rọ̀.

Ìbéèrè yẹn kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Ọmọ tí ó dákẹ́ ló sì mọ̀ ọ́n. Ta ni Abdullahi inú kíláàsì yín?

OHUN TÍ A LÈ ṢE

1. Ẹ béèrè, kí ẹ sì ní sùúrù. Ẹ ka ení dé ẹ̀wá nínú ara yín kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni.

2. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ sọ ọ́ fún ara wọn ní méjì-méjì. A kò ní gbé àga kúrò: kí àwọn tó wà níwájú kọjú sí àwọn tó wà lẹ́yìn wọn. Onítìjú tí kò lè sọ̀rọ̀ lójú gbogbo kíláàsì yóò lè sọ ọ́ fún ẹnìkejì rẹ̀.

3. Ẹ lo ohun tó wà nílẹ̀. Òkúta kò wọ́n ní Ọ̀kà. Ọpọ́n ayò ní ihò 12, ọmọ ayò 4 nínú ihò kọ̀ọ̀kan, 48 lápapọ̀: ìsọdipúpọ̀ àti pínpín ti wà níbẹ̀. Bí kò bá sí ọpọ́n, ẹ gbẹ́ ihò sílẹ̀ lábẹ́ igi.

4. Ẹ lo èdè tí ọmọ gbọ́. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babatunde Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà, Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn, àní nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Nítorí náà, bí ọmọ bá fi èdè Ọ̀kà dáhùn, ẹ má fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

5. Ẹ má na ọmọ nítorí pé ó ṣì í. Ẹni tí a nà lánàá kò ní nawọ́ sókè lónìí.

A kò ní kí ẹ pa àkàtúnkà tì o. Kéwú kò ṣeé há sórí láìsí i. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn kíkà, ẹ fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá sílẹ̀ fún ẹnu àwọn ọmọ. Ẹni tó ń béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

(a) Ọmọ wo ni kò tíì sọ̀rọ̀ nínú kíláàsì yín láti oṣù tó kọjá?
(b) Kí ni ẹ ó bi í ní ọ̀sẹ̀ yìí?

Kí Ọlọ́hun Ọba fi kún ìmọ̀ wa. Àmín.