Nígbà Tí Yàrá Olú Ò Bá Rí Afẹ́fẹ́ Mí

Lónìí, àṣìṣe tèmi gan-an ni mo fẹ́ fi ṣe ẹ̀kọ́.

Lọ́dún tó kọjá, àbúrò màmá mi kó owó àjọ, ó fi bẹ̀rẹ̀ olú gbíngbìn nínú yàrá kan lẹ́yìn ilé tó ń gbé n'Íbàdàn. Ọ̀rá 300 ni. A di lẹ́búlẹ́bú pákó tá a rà ní sọ́míìlì àti eèrí ọkà sínú wọn, a fi ooru omi sè wọ́n kí kòkòrò inú wọn lè kú, a wá gbin irúgbìn olú oyster sí i. Torí pé ìmọ̀ kòkòrò àìfojúrí ni mò ń kà fún oyè kejì, èmi ni wọ́n sọ di ọ̀gá. Ohun tí mo kọ́kọ́ sọ ni pé: "Àǹtí, ẹ ti fèrèsé pa, kẹ́ ẹ fi ọ̀rá bò ó. Olú fẹ́ràn ọ̀rinrin."

Òótọ́ ni. Àmọ́ ìdajì òótọ́ ni. Nígbà tí olú máa yọ, ọrùn rẹ̀ gùn bí ìka ọwọ́, orí rẹ̀ ò ju bọ́tìnnì ẹ̀wù lọ. Oníbàárà tó ti ṣèlérí pé òun á rà á yí i wò lọ́wọ́, ó dá a padà. Yàrá bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. Onílé ní kí wọ́n wá nǹkan ṣe sí i láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí kí wọ́n kó o kúrò. Àǹtí mi kàn wò mí, wọ́n ní, "Ṣé ohun tí wọ́n ń kọ́ yín ní yunifásítì nìyí?"

Olú ń mí bíi tiwa

Ewéko tó rí ìmọ́lẹ̀ máa ń gba CO2, ìyẹn afẹ́fẹ́ tí àwa ń mí síta, á fi ṣe oúnjẹ. Olú kì í ṣe ewéko. Ọ́síjìn ló ń fà símú, CO2 ló ń mí jáde, gẹ́gẹ́ bí èmi àti ẹ̀yin. Ẹ wá fojú inú wo ọ̀rá 300 tó ń mí tọ̀sán-tòru nínú yàrá tí wọ́n tì pa!

Afẹ́fẹ́ ìta ní CO2 tó tó nǹkan bí 420 nínú mílíọ̀nù kan. Olú oyster tó ń yọ orí kì í fẹ́ kó ju nǹkan bí 1,000 lọ. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, olú á ṣe bí ẹni pé inú kòtò ló wà: á máa na ọrùn láti wá afẹ́fẹ́ tó mọ́, kò ní í ráyè tẹ́ orí. Nítorí náà, bí ẹ ò bá lówó mítà CO2, ẹ má dààmú. Olú fúnra rẹ̀ ni mítà. Bí ọrùn bá ti ń gùn tí orí ń kéré, afẹ́fẹ́ ò tó nìyẹn.

Ooru tó fara pamọ́

Adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni ò jẹ́ ká mọ̀. Bí àwọn fọ́nrán funfun olú ṣe ń jẹ pákó, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń mú ooru jáde. Yàrá wà ní 30 lórí tẹmómítà, mo ki tẹmómítà bọ àárín ọ̀rá kan, ó di 35. Ibi tí ara olú ti ń rọ̀ ọ́ jù kò ju 25 sí 28 lọ! Àwa sì to ọ̀rá léra wọn bí ẹni to báàgì sìmẹ́ǹtì. A tú wọn ká, a fi àlàfo tó tó ìbú ọwọ́ kan sáàárín wọn.

Fún ìtutù, ẹ rántí àmù ìyá àgbà. Omi tó ń là lára ìkòkò ń gbẹ, bó ṣe ń gbẹ ló ń gba ooru lọ. Kí lítà omi kan tó gbẹ tán, ooru tó máa gbà tó èyí tí áyọ́ọ̀nù ìlọṣọ 1,000 wáàtì máa mú jáde ní ogójì ìṣẹ́jú. Ìdí nìyẹn tá a fi gbé àpò ìdọ̀họ tútù kọ́ síwájú fèrèsé. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra: nígbà ọyẹ́ ló ń ṣiṣẹ́ jù. Lásìkò òjò, afẹ́fẹ́ ti mu omi yó, kò sáyè fún òmíràn mọ́.

Ibo ni ká lu ihò sí?

Ọ̀pọ̀ ló máa ń sọ pé CO2 wúwo, pé ilẹ̀ nìkan ló ń gbà jáde. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ọ̀rọ̀ náà. Lóòótọ́ ló wúwo, ṣùgbọ́n bó bá tó 1,000 nínú mílíọ̀nù, ohun tó fi kún ìwúwo afẹ́fẹ́ yàrá ò ju nǹkan bí 0.05 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Bí afẹ́fẹ́ bá sì fi ìwọ̀n kan ṣoṣo gbóná sí i lórí tẹmómítà, ó máa fúyẹ́ tó nǹkan bí 0.33 nínú ọgọ́rùn-ún. Ooru ló lágbára jù níbẹ̀. Afẹ́fẹ́ gbígbóná ń lọ sókè, á sì gbé CO2 dání.

Nítorí náà, a lu ihò méjì sísàlẹ̀ ògiri kan, méjì sókè lábẹ́ àjà ní òdìkejì, a fi nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn bò wọ́n. Àwọn wọ̀nyí ń ṣiṣẹ́ bí iná bá lọ, ẹ kúkú mọ bí iná wa ṣe rí. Bí iná bá wà, fáànù ń ràn wọ́n lọ́wọ́. Yàrá náà jẹ́ mítà 4 sí 3, ó ga ní 3: 36 ni gbogbo rẹ̀. Bá a bá fẹ́ pààrọ̀ afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún ní wákàtí kan, fáànù tó lè gbé 180 ló yẹ ká rà. Ọ̀rinrin wá ńkọ́? Omi la fi ń wọ́n ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́.

Òórùn náà ńkọ́?

Èrò mi àkọ́kọ́ ni èédú. Ní Kánádà, níbi tí òfin ti gba igbó láyè láti 2018, èédú tí wọ́n ṣe lọ́nà àkànṣe ni àwọn tó ń gbìn ín sínú ilé fi ń mú òórùn rẹ̀. Gíráàmù kan èédú bẹ́ẹ̀ ní ihò wínníwínní tí ojú wọn lápapọ̀ ju mítà onígun mẹ́rin 500 lọ! Ṣùgbọ́n ohun tó ń fún igbó ní òórùn jẹ́ ọlọ́ràá, ó máa ń lẹ̀ mọ́ èédú dáadáa. Tiwa, amóníà ni. Èédú lásán kì í lè di amóníà mú, ọ̀rinrin yàrá olú á sì tún dí ihò rẹ̀.

Ká má sì fi lọ́fínńdà bò ó. Òórùn kíkan tàbí ti amóníà ń sọ fún wa pé bakitéríà ti wọ ọ̀rá tó tutù jù. A yẹ ọ̀rá wò lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí tó ń rùn àti èyí tó ti bu, tó di aláwọ̀ ewé, a kó 64 jáde, a ri wọ́n mọ́lẹ̀ jìnnà sílé. Òórùn lọ láàárín ọjọ́ mẹ́ta.

Ohun tó bà mí lẹ́rù jù kì í ṣe owó. Àǹtí ti ń wúkọ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, mi ò fọkàn sí i. Olú tó ti gbó máa ń tú ìyẹ̀fun wínníwínní, irúgbìn rẹ̀ nìyẹn, ó sì lè kó ìdààmú bá ẹ̀dọ̀fóró ẹni tó ń mí in sínú lójoojúmọ́. Ẹ máa já olú kí etí rẹ̀ tó tẹ́ pẹrẹsẹ, ẹ lo ìbòmú, ẹ ṣí yàrá kẹ́ ẹ tó wọlé. Bí ikọ́ ò bá lọ, ẹ sọ fún dókítà pé olú lẹ̀ ń gbìn.

Olú kejì tó yọ lára àwọn ọ̀rá tó kù tẹ́ orí bí àtẹ́lẹwọ́. Oníbàárà padà wá, ikọ́ náà lọ, onílé ò sọ̀rọ̀ mọ́. Owó àjọ ò tíì pé, mo ṣì ń fi díẹ̀díẹ̀ san nínú rẹ̀, torí èmi ló ní kí wọ́n ti fèrèsé.

Kẹ́ ẹ tó ti fèrèsé yàrá tí ohun ẹlẹ́mìí wà, ẹ kọ́kọ́ béèrè: kí ló ń mí níbẹ̀, ibo ni èémí rẹ̀ ń gbà jáde?