Ẹ Má Jẹ́ Kí Wọ́n Fi Ìkánjú Gbin Irin Sí Ẹnu Yín

Ọmọ kan lè ti ìlú òyìnbó wálé sí Èsìẹ́ ní Disẹ́ńbà, kó rí i pé eyín iwájú ìyá òun ti yọ, kó ní: "Ìyá mi, ẹ jẹ́ ká lọ gbin òmíràn ní Èkó kí n tó padà, kí ẹ lè rẹ́rìn-ín nínú fọ́tò." Ìfẹ́ ló sọ ọ̀rọ̀ yẹn. Ṣùgbọ́n ewu ńlá wà nínú ìkánjú rẹ̀, mo sì fẹ́ kí tìyá tọmọ gbọ́ ọ kí wọ́n tó wọ mọ́tò.

Eyín gbígbìn kì í ṣe eyín àfisí tí à ń yọ sínú ife omi lálẹ́. Inú egungun àgbọ̀n ni dókítà ń lu ihò sí, tí yóò fi irin titanium kékeré tó rí bí skrúù síbẹ̀. Ó sábà máa ń gba oṣù 3 sí 6 kí egungun tó di irin náà mú dáadáa. Brånemark, dókítà ará Sweden, ló ṣàkíyèsí ìdìmú yìí lára ehoro ní 1952. Ní 1965 ó gbin irin náà sí ẹnu aláìsàn kan tó ń jẹ́ Gösta Larsson, ó sì wà níbẹ̀ títí ọkùnrin náà fi kú ní 2006.

Irin kì í jẹrà. Erìgì àti egungun tó yí i ká ni ń bàjẹ́. Bí ìdọ̀tí bá ṣẹ́jọ sí ẹsẹ̀ rẹ̀, erìgì yóò wú, yóò máa ṣẹ̀jẹ̀, àrùn yóò sì máa jẹ egungun lábẹ́lẹ̀, nígbà mìíràn láìsí ìrora kankan, títí eyín olówó gọbọi yóò fi máa mì. Orín àtà dára, ṣùgbọ́n kò lè dé gbogbo kọ̀rọ̀ ibẹ̀. Ẹni tí erìgì rẹ̀ ti ń ṣẹ̀jẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹni tí ìtọ̀ ṣúgà rẹ̀ kò rọlẹ̀, ẹni tó ń fa sìgá, ewu tiwọn pọ̀ ju ti ẹlòmíràn lọ. Dókítà tó bá dá iye owó lé yín kó tó bèèrè nípa ṣúgà, kó tó ya àwòrán egungun yín, ẹ dìde kúrò lórí àga rẹ̀.

Ẹ má sì torí èyí jókòó sílé. Bí wọ́n bá ti yọ eyín, egungun ibẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́lẹ́. Nǹkan bí ìdajì ìbú rẹ̀ lè lọ láàárín ọdún 1. Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ yọ ọ́ gan-an ni kí ẹ ti bèèrè ohun tí yóò rọ́pò rẹ̀.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ti àwọn aláìníwèé-àṣẹ tó ń po ike, tí wọ́n ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ eyín méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àlàfo. Oúnjẹ á há sábẹ́ rẹ̀, erìgì á rà, eyín méjèèjì tí kò ṣe nǹkan kan á máa mì. Ẹni tó wá ra 1 á pàdánù 2. Ẹ bèèrè ìwé àṣẹ ọdọọdún tí Medical and Dental Council of Nigeria ń fún dókítà eyín. Ẹ má tijú.

Ẹ tún bi dókítà Èkó náà pé: ta ni yóò máa yẹ̀ ẹ́ wò fún mi nígbà tí mo bá padà sílé? Kó kọ orúkọ irin náà àti ìwọ̀n rẹ̀ sínú ìwé fún yín, nítorí irin ilé iṣẹ́ kan kì í bá ti òmíràn mu, bó bá sì tú lọ́jọ́ kan, ẹni tó fẹ́ tún un ṣe gbọ́dọ̀ mọ èyí tó jẹ́.

Ẹ̀yin ìyá wa ní Òmù-Àrán àti Èsìẹ́, bí ọmọ bá ní ẹ palẹ̀mọ́ Èkó, ẹ ní kó kọ́kọ́ gbé yín dé ọ̀dọ̀ dókítà eyín ní Ìlọrin, kí wọ́n wo erìgì yín, kí wọ́n sì yẹ ṣúgà yín wò. Fọ́tò lè dúró.