Ẹ̀kọ́ Oṣù Yìí: Ẹyin Alángbá Ọ̀sìn

Ẹni tó ń sin alángbá, tó fẹ́ kó bí sí i, akọ olórí pupa kan ni kó fi sáàárín abo mẹ́ta. Akọ méjì á máa bá ara wọn jà. Kó bu iyanrìn tó rin díẹ̀ sínú àgò. Ibẹ̀ ni abo á gbẹ́, á yé ẹyin bíi 5 sí 7.

Àmọ́ ẹ ṣọ́ oòrùn o! Ní 1966, Madeleine Charnier fi hàn ní Dákà, ní Sẹ̀nẹ̀gà, pé ẹyin alángbá tó wà ní 26 sí 27°C fẹ́rẹ̀ẹ́ di abo tán. Èyí tó wà ní 29°C di akọ. Bí akọ nìkan bá jáde, ta ni yóò yé ẹyin lọ́la? Ẹ jẹ́ kí apá kan iyanrìn wà lóòrùn, kí apá kejì wà níbòji. Kí ẹ tó yáwó ẹgbẹ́ fún ọ̀sìn èyíkéyìí, ẹ kọ́kọ́ ka iye abo tí ẹ ní.