Ó Wà, Ó Ń Ṣiṣẹ́, Ó Jẹ́

Bí akọ̀ròyìn bá kọ ọ́ pé ètò kọ̀ǹpútà iléeṣẹ́ ìjọba kan "ń ṣiṣẹ́ dáadáa", kí ló sọ fún wa? Ó sọ pé iná rẹ̀ ń tàn, pé àwọn òṣìṣẹ́ ń jókòó sídìí rẹ̀, pé kò tíì dákú. Kò sọ bóyá ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ náwó ti tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́. Èdè wa mọ ìyàtọ̀ yìí tipẹ́. Àwa tó ń kọ ọ́ la jẹ́ kó máa bọ́ sọnù.

Ẹ gbọ́ bí ẹni tó ń lo àgbo ibà ṣe ń sọ̀rọ̀. Yóò ní àgbo wà nílé. Yóò ní òun ń mu ún láràárọ̀. Ìgbà tí ara bá yá nìkan ni yóò sọ pé àgbo náà jẹ́. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta nìyẹn, kò sì sí èyí tó lè gba ipò èkejì.

Àwọn kan ń sá fún "jẹ́" yìí nítorí pé ó jọ "jẹ́" inú "Ó jẹ́ olùkọ́". Kò yẹ kó dẹ́rù bà wá. Ti olùkọ́ kò lè dá dúró, ó gbọ́dọ̀ ní ọ̀rọ̀ lẹ́yìn, ti oògùn lè parí gbólóhùn: "Oògùn náà jẹ́." Bí a bá sì fẹ́ sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀, a ó ní "Kì í ṣe olùkọ́", ṣùgbọ́n "Oògùn náà kò jẹ́". Kí a ṣáà má gbàgbé àmì òkè orí rẹ̀, nítorí "jẹ" lásán, oúnjẹ tàbí gbèsè ni.

Orí rédíò, "múná dóko" ló gba ipò "jẹ́" ti oògùn yìí. Ọ̀rọ̀ tó dára ni, mo fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti sọ ọ́ di oríkì: ọjọ́ tí wọ́n bá ṣí ètò gan-an ni wọ́n ti ń pè é ní ètò tó múná dóko, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí èéfín.

Ibi tó ká mi lára jù ni ohun tí àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ń pè ní enterprise architecture. Àwòrán gbogbogbòò ni: ó ń fi iṣẹ́ tí iléeṣẹ́ ń ṣe hàn, àkọsílẹ̀ tó ń pa mọ́, ẹ̀rọ tó ń lò, àti bí ọ̀kan ṣe so mọ́ èkejì. Àpilẹ̀kọ tí John Zachman tẹ̀ jáde ní 1987 ni ọ̀pọ̀ kà sí ìpìlẹ̀ rẹ̀. Ní 1996, òfin Clinger-Cohen sọ irú àwòrán bẹ́ẹ̀ di dandan fún àwọn iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà. Ní 2010, GAO, àjọ tó ń tọpinpin bí ìjọba ibẹ̀ ṣe ń náwó, gbé ìpele 7 àti ohun 59 kalẹ̀ tí iléeṣẹ́ yóò fi mọ ibi tó dé. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń béèrè ohun tó wà: ṣé ìlànà wà, ṣé ìgbìmọ̀ wà, ṣé ẹni tó ń darí iṣẹ́ náà wà? Ní 2012 ni àjọ kan náà wá yẹ iléeṣẹ́ 27 wò láti mọ̀ bóyá àwòrán náà jẹ́. Ọ̀pọ̀ wọn ti sọ ohun tí wọ́n ń lé. Àwọn tó wọn èrè rẹ̀, tí wọ́n sì ròyìn rẹ̀, kò tó nǹkan.

Ẹ wá fi ojú irú àwòrán bẹ́ẹ̀ wo Nàìjíríà. Ní 2011, iléeṣẹ́ tẹlifóònù gba ìtẹ̀ka wa nítorí síìmù. Láti 2014, báǹkì gbà á fún BVN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ oníbàárà báǹkì. INEC, àjọ elétò ìdìbò, gbà á, àwọn tó ń ṣe ìwé ìrìnnà gbà á, àwọn tó ń ṣe láísẹ́ǹsì ọkọ̀ gbà á. NIMC, àjọ tí òfin 2007 gbé iṣẹ́ nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè (NIN) lé lọ́wọ́, gba tirẹ̀. Oṣù Kejìlá 2020 ni ìjọba tó pàṣẹ kí a so síìmù mọ́ NIN. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀melòó ni ó yẹ kí orílẹ̀-èdè kan gba ìtẹ̀ka ẹnì kan? Èyí ni mo fi ń sọ láì fọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀ pé àpapọ̀ wọn kò tíì jẹ́.

Irú ìbéèrè yẹn ló ya ìgbéléwọ̀n sọ́tọ̀ kúrò lára àyẹ̀wò. Àyẹ̀wò ni kí a yẹ nǹkan wò, kí a sọ bó ṣe rí. Ìgbéléwọ̀n, orí ìwọ̀n la ń gbé nǹkan lé. Ìròyìn tó bá ní "a ti ṣe ìgbéléwọ̀n ètò náà", tí kò dárúkọ ìwọ̀n, àyẹ̀wò ló ṣe, kó pè é bẹ́ẹ̀.

Àwọn àgbà sì ní oògùn tí kò jẹ́, ewé rẹ̀ ló kù kan. Wọn kò ní kí a da ìkòkò nù. Ní tiwa, bí ètò kan kò bá jẹ́, òmíràn la ń ṣí, pẹ̀lú orúkọ tuntun àti ìtẹ̀ka tuntun, nígbà tó jẹ́ pé ewé tó kù ni kí àkọsílẹ̀ iléeṣẹ́ kan lè bá ti èkejì sọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin akọ̀ròyìn, ẹ jọ̀ọ́, bí ọ̀gá iléeṣẹ́ bá tún sọ fún yín pé ètò òun ń ṣiṣẹ́, ẹ bi í bóyá ó jẹ́ àti ìwọ̀n tó fi mọ̀, kí ẹ sì kọ ìdáhùn rẹ̀ bó ṣe wí.